Gbígbin Ìrèké Sí Ẹ̀yìnkùlé

 Ẹ̀kọ́ tòní dùn lẹ́nu. Ìrèké ni.

Gbogbo wa la mọ ìrèké. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure, lójú títì tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, kò ní rìn jìnnà kó tó rí bárò tí wọ́n to ìrèké kún inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin láti Òkè Ọya ló sábà máa ń tà á. Wọ́n á fi ọ̀bẹ bó o, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá. Àwa náà á rà á, a ó fa omi rẹ̀ mu, a ó tu èyí tó kù dànù. Níjọ́ ìsọmọlórúkọ, a tún máa ń fi í súre fún ọmọ pé kí ayé rẹ̀ dùn.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti gbìn ín rí? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àfi oko ńlá ní àkùrọ̀ létí odò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tó gùn tó ìgbésẹ̀ mẹ́rin lẹ́bàá ògiri, tí oòrùn ń pa á, tí omi kò sì jìnnà sí i, ìrèké á hù níbẹ̀. Ẹ ó gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gé e lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín bí ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá sì ṣe é bó ti yẹ, ẹ ò ní fi owó ra èyí tí ẹ ó gbìn mọ́.

Ojú ìrèké

Ẹ mú ìrèké kan tí wọn kò tíì bó. Ẹ wò ó dáadáa. Ó ní oríkèé bí ìka ọwọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan yọ sóde, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ohun kékeré yìí là ń pè ní ojú. Inú ojú ni ìrèké tuntun ti ń jáde. Ojú tó bá fọ́, tàbí tó ti gbẹ, kò lè hù mọ́.

Ìrèké a máa tanná lóòótọ́, a sì máa so kóró wíńwíńní. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ń wá irú tuntun ló ń lo kóró yẹn. Ilé ìwádìí ìjọba kan wà ní Badeggi, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Àgbẹ̀ kì í gbin kóró ìrèké. Igi rẹ̀ là ń gé gbìn, bí a ṣe ń gé iṣu. Ẹ jẹ́ kí á kúkú pe èyí tí a gé náà ní èèbù, bí a ti ń pe ti iṣu.

Apá wo lára ìrèké ló yẹ ká fi ṣe èèbù? Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí, ẹ rọra kà á.

Ìdí ìrèké ló ń kọ́kọ́ gbó. Ibẹ̀ ni adùn pọ̀ sí jù. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lọ sókè, adùn á máa dín kù, títí tó fi máa dà bí omi lásán lẹ́nu. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń tà á fi ń gé orí rẹ̀ sọnù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí tí wọ́n ń sọnù yẹn gan-an ni èèbù tó dára jù. Ojú tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, omi kún inú rẹ̀, ó sì tètè ń hù. Ojú tó wà nísàlẹ̀ ti dàgbà. Òmíràn á hù, òmíràn á pẹ́, òmíràn kò tilẹ̀ ní hù rárá. Nítorí náà, ìdí ni ká jẹ, orí ni ká gbìn.

Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì wa ní Pleasure, ìyá kan rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ò rí i pé ọjọ́ gbogbo ni mo ń gbá orí ìrèké sórí ààtàn níwájú ṣọ́ọ̀bù mi!" Mo ní, "Ìyá, ẹ má gbá a mọ́." Ẹ lè bá ẹni tó ń tà á sọ ọ́ kó fún yín ní odindi ìrèké tí orí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Kí ẹ rí i pé ó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí ojú rẹ̀ kò fọ́ nínú ọkọ̀.

Irú èyí tó yẹ

Ọ̀nà méjì ni ìrèké pín sí fún wa. Èyí tí a ń jẹ sanra, ó rọ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn ní àwọ̀ elésè àlùkò, òmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà tínínrín, ó sì le, eyín yín lè má gbà á. Irú èyí ni wọ́n gbìn sí Bacita, lẹ́bàá odò Ọya ní Kwara, níbi tí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣúgà ní ọdún 1964. Iṣẹ́ ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ nígbà tó yá. Kò sí ohun tí ẹ̀yìnkùlé fẹ́ fi ti ṣúgà ṣe. Ẹ gbin ti jíjẹ.

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ gé ẹnu rẹ̀ wò. Inú ìrèké tó dára funfun ni, ó mọ́. Bí ẹ bá rí i tí inú pọ́n, tó ń rùn bí ọtí tó ti kan, àrùn wà lára rẹ̀. Ẹ má gbìn ín, ẹ má sì jẹ ẹ́. Èèbù tó ní àrùn lónìí, ìdí ìrèké tó ní àrùn fún ọdún mẹ́ta ni.

Ilẹ̀ tí a ó gbìn ín sí

Mo ti rí àwọn tó gbin ìrèké sí ẹnu gọ́tà, nítorí pé omi kì í gbẹ níbẹ̀. Ó máa ń hù gan-an ni, á tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í jẹ irú ìrèké bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú omi gọ́tà ni ìrèké ń mu. Bákan náà ni ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀. Òjé wà nínú bátìrì. Tí òjé bá wọ ilẹ̀, kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ó lè wọ inú ohun tí a gbìn, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kò sí bí ẹ ó ṣe fọ̀ ọ́ kúrò nínú ìrèké, bí ẹ tilẹ̀ sè é, òjé kì í jóná. Ẹ jìnnà sí ṣalángá pẹ̀lú.

Ìdí kejì tí ẹnu gọ́tà kò fi dára ni pé ìrèké a máa ta gbòǹgbò, a sì máa kó ìdọ̀tí jọ sídìí. Lákòókò òjò, omi á kọ̀ láti kọjá, á wọ ilé aládùúgbò. Ẹ̀yin tó ń gbé Alimosho, ẹ kò ní kí n máa ṣe àlàyé omíyalé fún yín.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni kí ẹ yàn. Lábẹ́ igi máńgòrò, ìrèké á ga, á tínínrín, kò sì ní dùn. Ẹ fi àyè ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, kí ẹ lè rí ibẹ̀ gbá.

Púpọ̀ nínú wa, ayálégbé ni wá. Ìrèké kì í ṣe ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a ó já lóṣù kan. Ọdún mẹ́ta ló máa lò nínú ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ ọ́. Tó bá sì gbà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí ẹ gbìn ín sí, ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, àti bí ẹ ó ṣe pín in bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò. Kí ẹ̀yin àti onílé fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà kan. Ìwé kékeré báyìí ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ìjà. Ẹ má sọ pé, "Onílé wa ènìyàn dáadáa ni." Ènìyàn dáadáa náà lè gbàgbé, ó sì lè kú kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá jogún ilé.

Gbígbìn

Àkókò tó dára jù ni ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá ní kànga lè gbìn ín ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé òun ni yóò máa bomi rin ín jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ gbẹ́ kòtò gbọọrọ tó jìn tó íǹṣì 6. Ẹ po ìgbẹ́ adìẹ mọ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Kó jẹ́ ìgbẹ́ tó ti jẹrà, tó ti tó oṣù méjì, nítorí pé ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó èhù. Bí ẹ bá fẹ́ gbin ju ìlà kan lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 4 sáàárín ìlà kan àti èkejì.

Ẹ fi àdá tó mú gé èèbù, kí ojú mẹ́ta wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín oríkèé méjì ni kí ẹ gé e, kì í ṣe lórí oríkèé. Àdá tó kú máa ń fọ́ ìrèké ni, omi á wọ ibi tó fọ́, á sì jẹrà. Ẹ tẹ́ èèbù sínú kòtò ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ yí i kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe kọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ bò ó, kó má ju íǹṣì 2 lọ. Ẹ má bò ó bí ẹni ń sin òkú. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ bu omi sí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èhù á yọ. Ibi tí kò bá hù, ẹ fi èèbù mìíràn dí i. Bí èhù ti ń ga, ẹ máa wọ́ erùpẹ̀ inú kòtò sí ìdí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti oṣù kejì, èhù kan á di mẹ́ta, á di márùn-ún. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ni koríko lè pa á. Lẹ́yìn èyí, òjìji ewé tirẹ̀ ni yóò máa pa koríko.

Nígbà tí ìrèké bá ga ju ènìyàn lọ, àwọn ewé ìsàlẹ̀ á máa gbẹ. Ẹ máa bó wọn kúrò. Eku a máa fara pamọ́ sínú ewé gbígbẹ, ejò a sì máa wá eku kiri. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn nítorí pé etí ewé ìrèké ń gé ara bí abẹ, irun tó wà lára ewé rẹ̀ sì máa ń yún ènìyàn. Bí ẹ bá rí ohun dúdú gígùn kan tó yọ lórí ìrèké bíi pàṣán, àrùn burúkú ni. Ẹ rọra fi ọ̀rá bo pàṣán náà kí lúbúlúbú dúdú orí rẹ̀ má fò. Ẹ wá hú ìrèké yẹn tìdítìdí, kí ẹ sun ún. Ẹ má ṣe àánú rẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé lúbúlúbú náà lọ bá àwọn yòókù.

Gígé

Ìrèké jíjẹ máa ń gbó láàárín oṣù 10 sí 12. Ewé ìsàlẹ̀ á ti gbẹ, awọ rẹ̀ á máa dán, oríkèé rẹ̀ á ti hàn gbangba. Gé ọ̀kan, jẹ ìdí rẹ̀, kí o sì jẹ àárín rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn bákan náà, ó ti gbó. Bí ẹ bá ti ń bomi rin ín, ẹ dáwọ́ omi dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Omi tó pọ̀ jù ń da adùn nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe rèé. Wọn kì í fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé ìrèké ní ìwọ̀n orúnkún, wọ́n á sì fi kùkùté gíga sílẹ̀. Adùn tó pọ̀ jù ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn. Kò tán síbẹ̀ o. Kùkùté gíga á yọ èhù láti ara ojú tó wà lókè ilẹ̀. Èhù bẹ́ẹ̀ kò ní gbòǹgbò tó dára, atẹ́gùn díẹ̀ á wó o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ gé e kó dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀. Èhù tuntun á wá jáde láti abẹ́ ilẹ̀, á ta gbòǹgbò tirẹ̀.

Iṣẹ́ gígé ìrèké kì í ṣe eré. Ẹ rántí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí. Àìmọye wọn ló lo ayé wọn nínú oko ìrèké. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde ní oko Triunvirato ní Matanzas. Obìnrin Lukumí kan tó ń jẹ́ Carlota wà lára àwọn aṣáájú wọn, ó sì kú nínú ìjà náà. Ọdún 1886 ni oko ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ dópin pátápátá ní Kúbà. Ṣúgà tí ayé ń fi sínú tíì nígbà náà, òógùn wọn ni.

Láti ìgbà tí àdá bá ti kan ìrèké ni adùn rẹ̀ ti ń lọ. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tàbí tí ẹ ó tà láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni kí ẹ gé. Èyí tó wà lórí ìdúró kò ní bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ fọ ìrèké kí ẹ tó bó o. Ìrèké tí a ti bó kò tún kan iná mọ́, tààrà ló ń lọ sí ẹnu. Ẹ kò gbàgbé onígbáméjì tó jà ní Èkó ní ọdún 2024. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Ṣúgà ni ṣúgà ń jẹ́, bó tilẹ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé wa.

Lẹ́yìn gígé

Ẹ má sun ewé tí ẹ bó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ láàárín ìlà, kó bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bo kùkùté. Ẹ tún fi ìgbẹ́ adìẹ tó jẹrà sí i. Kí oṣù kan tó pé, èhù á ti yọ. Ẹ kò gbẹ́ kòtò, ẹ kò ra èèbù, ìrèké ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sábà máa ń tètè gbó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá kan bi mí pé, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a ò kúkú fi í sílẹ̀ títí ayé?" Ìbéèrè àgbẹ̀ nìyẹn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí ìrèké ń ga kúrò nínú ilẹ̀, oúnjẹ inú ilẹ̀ ń tán, kòkòrò àti àrùn sì ń kó jọ. Ìrèké á máa tínínrín sí i. Ní ẹ̀yìnkùlé, gígé ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fi mọ. Nígbà náà ni kí ẹ hú u, kí ẹ gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà síbẹ̀ kí ilẹ̀ lè padà sípò, kí ẹ sì gbin ìrèké tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Níbo ni èèbù tuntun ti máa wá? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹ ra odindi ìrèké 3. Orí kọ̀ọ̀kan fún yín ní èèbù 2. Èèbù 6 nìyẹn. Ká ní èèbù kọ̀ọ̀kan fún yín ní ìrèké 4 tó dára, ẹ ó ní ìrèké 24. Nígbà gígé tó kẹ́yìn, ẹ yan 3 tó sanra jù, tí kò ní àrùn kankan. Ẹ jẹ ìdí wọn, kí ẹ gbin orí wọn. Ẹ ti padà sí èèbù 6, kọ́bọ̀ kò sì jáde lápò yín.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èyí tó sanra la máa ń tà, tí a ó wá gbin èyí tó rù. Bẹ́ẹ̀ ni ìrèké ń kéré sí i lọ́dọọdún, a ó wá ní ilẹ̀ ni kò dára.

Ta ló lè rántí pé gígé kejì lòun wà tàbí ẹ̀kẹta? Ìwé ló lè rántí. Ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀, kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ tí mo gbìn ín: 28 oṣù Kẹta.
Iye èèbù: 6. Èyí tó hù: 5.
Ọjọ́ tí mo gé e lẹ́ẹ̀kínní: 10 oṣù Kejì, ọdún tó tẹ̀ lé e.
Iye ìrèké: 19. Èyí tí mo tà: 12.

Ìbéèrè

1. Apá wo lára ìrèké ló dùn jù? Apá wo la fi ń ṣe èèbù, kí sì ni ìdí rẹ̀?
2. Sọ ohun méjì tó fi jẹ́ pé ẹnu gọ́tà kò dára fún gbígbin ìrèké.
3. Ìyá kan ra odindi ìrèké 5. Orí kọ̀ọ̀kan fún un ní èèbù 2. Èèbù 3 kò hù. Mélòó ló hù?
4. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gé ìrèké ní ìwọ̀n orúnkún?
5. Kọ ìwé àdéhùn kúkúrú sí onílé rẹ, kó má ju ìlà mẹ́fà lọ, nípa ilẹ̀ tí o fẹ́ gbin ìrèké sí. Mú un wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.